Ta Ló Ni Ejẹ́ǹtì?

Èmi kì í ṣe olófòófó. Ẹ jẹ́ ká ti fi ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ibi tí mo jókòó sí ló ń kó bá mi: ẹnu géètì, níbi tí mo ti ń din àkàrà láàárọ̀, tí mo sì ń ta gaàrí lọ́sàn-án. Kò sí ẹni tó máa wọlé tàbí tó máa jáde nínú ọgbà yìí tí kò ní kí mi. Ẹni tó bá sì kí mi, mo gbọ́dọ̀ bi í pé níbo ló ń lọ. Ọmọlúàbí nìyẹn, kì í ṣe òfófó.

Bàbá tó ń gbé ìsàlẹ̀, ní míní fuláàtì tó kọjú sí ẹ̀rọ omi, kò sọ fún mi pé òun ń kó lọ sí Ìkòròdú. Mo kàn rí i tó ń gba páálí òfìfo lọ́wọ́ àwọn ọmọ atẹ̀wé ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilé àwọn atẹ̀wé ni Ṣómólú, páálí kò wọ́n wa níbí. Ẹni tó bá wá ń ṣa páálí jọ lọ́sàn-án gangan, àfi kó jẹ́ pé ó fẹ́ sin adìẹ tàbí pé ó fẹ́ kó jáde, bàbá yìí kò sì fẹ́ràn ẹranko. Mo ní, "Ẹ kú ìmúra o, bàbá wa." Ó ní, "Ta ló sọ fún yín?" Ó parí.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá oníbúrẹ́dì nìkan ni mo sọ fún, mo sì kìlọ̀ fún un dáadáa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ejẹ́ǹtì mẹ́ta ti dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń na ọrùn wo fèrèsé bàbá, bẹ́ẹ̀ bàbá ṣì wà nínú ilé tó ń jẹ ẹ̀bà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé Igbóbì wa yìí rí lè máa rò pé ejẹ́ǹtì kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Irọ́ ni. Èyí tó kọ́kọ́ dé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Bàbá Ejẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lọ́nà Fádéyí, ó ní àga méjì, ó ní pátákó tí òjò ti nu ìdajì ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kúrò. Atẹ̀wé ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìpè ìgbéyàwó ránṣẹ́ lórí fóònù, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń sùn lójoojúmọ́, ó ní ṣebí òun ti ń bá àwọn ejẹ́ǹtì tẹ ìwé "To Let" láti ọjọ́ yìí, kí ló dé tí òun kò ní tẹ ti ara òun? Òun ni àwọn onílé àdúgbò ń fún ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń bú àwọn yòókù.

Ìkejì kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní pátákó, kò sì ní kọ́kọ́rọ́. Fóònù méjì ló ní. Á dúró sí òdìkejì títì, á ya fọ́tò ilé onílé, á gbé e sí WhatsApp àti Facebook, á ní ilé náà wà lọ́wọ́ òun. Lọ́wọ́ ta? Òun àti ilé náà kò tíì wọ yàrá pọ̀ rí! Ṣùgbọ́n ẹ má fojú di ọmọ yẹn o. Òun ló mọ ibi tí àwọn tó ń wá ilé wà: ọmọ Yunifásítì Èkó tí kò rí bẹ́ẹ̀dì nínú ọgbà wọn ní Àkọkà, ọmọ báńkì tó fẹ́ ibi tí bọ́ọ̀sì ti yá, ọkọ ìyàwó tuntun tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó rí oorun sùn. Bàbá Ejẹ́ǹtì ní ilé, kò ní èèyàn. Ọmọ yìí ní èèyàn, kò ní ilé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bú ara wọn lẹ́yìn, tí wọ́n sì ń pín owó níwájú: ìdajì fún ẹni tí ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì fún ẹni tó mú ayálégbé wá.

Ìkẹta, ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọlọ́kadà ni. Ní 2022 tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà dé ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, ó ta alùpùpù rẹ̀, ó jókòó, ó rò ó, ó rí i pé òun kò kọ́ṣẹ́ kankan, àmọ́ kò sí ojúlé tí òun kò já èèyàn sí rí láti Pẹdirò dé Jíbówú. Ló bá di ejẹ́ǹtì lọ́jọ́ kejì.

Àwọn tó lọ sílé ẹ̀kọ́ kọ́ iṣẹ́ yìí wà o, n kò ní purọ́. Yábàá Tẹ́ẹ̀kì tí kò jìnnà sí wa yìí, wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀. Yunifásítì Èkó náà ń kọ́ ọ. Sọ̀fẹ́yọ̀ ilé ni wọ́n. Wọ́n ti ní ẹgbẹ́ láti 1969, ìjọba sì ṣòfin fún iṣẹ́ wọn ní 1975, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ọmọ ojúlé kejì wa kà á jáde. Ọjọ́ tó gbàwé ẹ̀rí, a jẹ ìrẹsì, a jó. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run ti pèsè. Gbogbo Igbóbì kún fún ilé." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, Victoria Island ni mò ń lọ." Ó sì lọ lóòótọ́. Ilé gogoro kan ṣoṣo tí wọ́n bá bá èèyàn tà níbẹ̀, kọ́mísọ̀n rẹ̀ á bo gbogbo yàrá tí Bàbá Ejẹ́ǹtì ti fi sílẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣe é. Bí àwọn tó mọ ìwé rẹ̀ ṣe gba afárá Third Mainland lọ nìyẹn, tí àwọn tó mọ kọ̀rọ̀ àdúgbò ṣẹ́ kù sí wa lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ n padà sílé wa. Onílé wa ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ìyàwó méjì ló fẹ́, ilé kan ló kọ́; ẹ wo ìṣirò ọkùnrin! Àkọ́bí ìyáálé wà ní Houston ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti ń pàṣẹ. Ọmọ ìyàwó kékeré wà ní Bàrígà, ó lè fẹsẹ̀ rìn wá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń kọ́kọ́ débí bí owó bá dé. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń jà, mo máa ń na ọwọ́ sí ọ̀nà Kọ́lẹ́ẹ̀jì Igbóbì, mo ní ẹ wo ibẹ̀ yẹn, ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀ ní 1932, ìjọ méjì jọ ni ilé ẹ̀kọ́ kan, ẹ̀yin ọmọ bàbá kan ṣoṣo kò lè jọ ni ojúlé kan. Wọn kì í dá mi lóhùn. Ọmọ Bàrígà kàn máa ń ní kí n fi àkàrà ₦300 ránṣẹ́ sí òun, kò sì ní sanwó.

Láàárín àwọn méjèèjì ni kiatékà wà. Kì í san owó ilé, torí pé ó ń gbálẹ̀, ó ń gba owó iná jọ, ó sì ń ka iye àlejò tó sun ọ̀dọ̀ oníkálukú mọ́jú. Lẹ́yìn òun ni lọ́yà, ní Jíbówú. Lọ́yà yìí, àgírímẹ́ǹtì ẹyọ kan ló kọ láyé rẹ̀. Orúkọ ló ń pààrọ̀ sínú rẹ̀. Mo mọ̀ torí pé bàbá tó ń lọ yìí fi tirẹ̀ hàn mí: ojú ewé àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀, ojú ewé kẹta, orúkọ obìnrin tó gbé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìdá mẹ́wàá owó ilé ni lọ́yà ń gbà fún iṣẹ́ yẹn.

Ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́ nìyí. Mo bi Bàbá Ejẹ́ǹtì lọ́jọ́ kan tó wá ra àkàrà, mo ní, "Ẹ dákun, iṣẹ́ ta lẹ ń ṣe gan-an?" Ó ní iṣẹ́ onílé ni. Mo ní ta ló ń sanwó fún yín? Ó ní ayálégbé ni. Mo ní, "Ẹ dúró ná. Ẹni tó bẹ̀ yín níṣẹ́ kò san kọ́bọ̀, ẹni tí kò rán yín níṣẹ́ ló ń sanwó? Tí onílé bá wá jẹ àkàrà mi, ṣé ẹnu ọ̀nà ayálégbé ni kí n lọ ti gbowó?" Ó jẹ àkàrà rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Màmá, bí a ṣe bá a nìyẹn." Àwọn àgbà ní alágbàtà ní í sọ ọjà dọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n alágbàtà ọjà tiẹ̀ ń fi owó tirẹ̀ ra nǹkan kó tó tà á. Èyí, ẹnu lásán ló fi ra tiẹ̀.

Nígbà tí bàbá kó jáde, ọmọ oní-fóònù-méjì ló mú Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá wo ilé náà. Ilé ìwòsàn Igbóbì ló ti ń ṣiṣẹ́, ti àwọn tí egungun wọn ṣẹ́. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ-ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀, kí gbogbo Nàìjíríà tó máa gbé ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ wá. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbàlejò àwọn oníbáńdéèjì. Ẹni tó gbé àbúrò rẹ̀ wá láti Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́, tí dókítà ní kí ó máa padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á wá yàrá sí ìtòsí. Àwọn ejẹ́ǹtì wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi àlejò níbòmíì ni pé èló lẹ ní lọ́wọ́, níbí, wọ́n á ní, "Ẹsẹ̀ ni àbí apá?" Tó bá jẹ́ apá, wọ́n á mú ọ lọ sókè. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀, owó ìsàlẹ̀ á gòkè. Mo ti rí èyí tó ń fi yàrá òkè pátápátá han ọkùnrin tó fi igi méjì rìn wọlé, tó ní àtẹ̀gùn á máa na iṣan fún un.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò wá ṣeré. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni ọmọ oní-fóònù-méjì ní kó san kí òun tó mú un wọlé, owó ìyẹ̀wò. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún? Ṣé aláìsàn ni ilé náà ni?" Ó san ẹgbẹ̀rún méjì lẹ́yìn àríyànjiyàn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọlọ́kadà mú wòlíì kan wá tó fẹ́ fi pálọ̀ ṣe ìsọjí alaalẹ́, tí Bàbá Ejẹ́ǹtì sì mú tọkọtaya kan wá. Èrò mẹ́ta, ilé kan, kọ́kọ́rọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ náà kò sì ṣí ilẹ̀kùn, torí kiatékà ti pààrọ̀ àgádágodo ní òru. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé, kó rí òun. Ọmọ Bàrígà dé, ó ní ta ló fún kiatékà láṣẹ. Houston pè lórí fíìdíò, ó ní òun kò mọ Bàbá Ejẹ́ǹtì rí. Bàbá Ejẹ́ǹtì fìbínú gbé kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí nǹkan kan sókè, ó ń fì í. Wòlíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Mo pa iná àkàrà kí n lè gbọ́ dáadáa.

Tọkọtaya ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní omi kò lágbára. Wòlíì, èmi ni mo bá a sọ̀rọ̀. Mo ní mọ́ṣáláṣí wà lápá ọ̀tún wa, ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá òsì, àwọn méjèèjì ní lasípíkà, ibo ló fẹ́ ti ráàyè kí Ọlọ́run gbọ́ tiẹ̀? Ó dúpẹ́, ó lọ. Ó wá ku Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ni Bàbá Ejẹ́ǹtì bá bi í pé, "Ṣé ẹ ti wà nílé ọkọ?" torí pé Houston kò fẹ́ ọmọge tó ń dá gbé. Inú bí mi sí ìbéèrè yẹn, mo sì sọ ọ́ síta. Obìnrin tó ń tún egungun to lóru, ẹ ń bi í bóyá ọkùnrin kan á dúró fún un lórí míní fuláàtì! Ta ló ń sanwó láti ọjọ́ kìíní oṣù, ọkọ tàbí owó oṣù? Obìnrin náà kò tiẹ̀ bínú. Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ iye owó."

₦800,000 lọ́dún. Houston ní ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì yọ fóònù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó sí wọn létí, èyí tí Gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2011: onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá gbà á, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá sì san án, ìyà kan náà. Ọmọ Bàrígà ní, "Àti ẹni tó san án?" Ó ní, "Àti ẹni tó san án. Ẹ̀wọ̀n kan náà ni wọ́n á kó wa sí." Ó ní òfin náà kò kan Àpápá, kò kan GRA Ìkẹjà, kò kan Ìkòyí àti Victoria Island, àmọ́ òun kò rí Igbóbì nínú wọn. Kiatékà mí kanlẹ̀. Ó ní, "A jẹ́ pé a kò tíì lówó tó ẹni tí òfin ń yọ sílẹ̀."

Ọdún kan ni wọ́n fẹnu kò sí. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Ejẹ́ǹtì wá mú bébà jáde: owó ejẹ́ǹtì ìdá mẹ́wàá, ₦80,000, owó àgírímẹ́ǹtì ìdá mẹ́wàá, ₦80,000, owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n máa mú dání bóyá yóò ba nǹkan jẹ́, ₦50,000. Ilé ₦800,000 ti di ₦1,010,000, wọn kò sì tíì fi ìṣó kan kún un. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní àbádòfin kan wà níwájú Ilé Aṣòfin Èkó láti 2025 tó ní kí ejẹ́ǹtì má gbà ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ tó ń mójútó ọ̀rọ̀ ilé. Bàbá Ejẹ́ǹtì ní, "Àbádòfin ni ẹ pè é, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tètè jẹ ìdá mẹ́wàá mi kó tó dòfin." Ẹnu ya obìnrin náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó san án. Ohun tí kò gbà ni pé kí owó ilé gba ọwọ́ ejẹ́ǹtì kọjá. Àkáǹtì onílé tààrà ló san án sí, ó gba rìsíìtì, ó gba rìsíìtì kọ́ṣọ̀n lọ́tọ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ní òpópónà kan lọ́nà Bàrígà, ejẹ́ǹtì kan gba owó yàrá kan lọ́wọ́ èèyàn bíi mélòó kan. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn gbé mátírẹ́ẹ̀sì dé. Orí ògiri ilé yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ilé náà kì í ṣe títà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á.

Ìgbà tí owó wọlé ni eré wá bẹ̀rẹ̀. Nínú ₦80,000, ọmọ oní-fóònù-méjì mú ìdajì. Bàbá Ejẹ́ǹtì mú ìdajì kejì, ṣùgbọ́n kiatékà ní òun ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ Bàrígà ní òun lọmọ onílé, ọlọ́kadà ní òun ló kọ́kọ́ fojú rí i pé bàbá ń kó páálí. Mo dìde dúró. Mo ní, "Ìwọ ni kí ni?" Wọ́n ra màǹtínà tútù kan fún mi kí n lè jókòó padà. Lọ́yà kò wá síbi ìjà. Wọ́n ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí i ní Jíbówú, ó sì ti fi àgírímẹ́ǹtì ránṣẹ́ padà. Mo bá Àǹtí Nọ́ọ̀sì yẹ ojú ewé kẹta wò. Orúkọ bàbá Ìkòròdú ló wà níbẹ̀.

Ó kó wọlé. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ omi fi dákẹ́. Ó pe Bàbá Ejẹ́ǹtì. Ìyẹn ní, "Àǹtí, onílé ni mò ń bá ṣiṣẹ́, ẹ pe onílé." Ó pe Houston. Houston ní, "Ẹ pe ejẹ́ǹtì yín." Ejẹ́ǹtì yín! Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba owó, ti onílé ni. Lọ́jọ́ tí omi dákẹ́, ti ayálégbé ni. Kiatékà ní gbígbá ni òun mọ̀, òun kò mọ páìpù. Ọmọ oní-fóònù-méjì kò tiẹ̀ gbé ìpè mọ́, ó ti wà lójú fèrèsé ẹlòmíì. Ọmọ Bàrígà ní kí wọ́n fi owó àtúnṣe ránṣẹ́ sí òun.

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó wá bá mi lẹ́nu géètì, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ pọ́ńbà kankan?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n, ọmọ dáadáa ni, ó mọṣẹ́, ìtòsí báyìí ló wà. Mo ní kó kọ́kọ́ san ẹgbẹ̀rún kan kí n tó fún un ní nọ́ńbà. Ó wò mí títí. Ó ní owó kí ni?

Mo ní owó ìyẹ̀wò.